FÍÌMÙ ÌṢẸ́JÚ MẸ́SÀN-ÁN TÍ MO FI ṢE YẸ̀YẸ́

  Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí jẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn sí kòtò náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí inú rẹ̀ ti rí fún yín.

Okokomaiko ni mo ń gbé. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ta fíìmù ní ọjà Àlàbá, ní ìhà Ọ̀jọ́ níbí. Mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ńlá onítéèpù dúdú ń bẹ lóde, mo tà á títí síídì fi dé, mo sì ta síídì náà títí fóònù fi gba ọjà mọ́ wa lọ́wọ́. Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ṣe é wò mọ́ nínú ilé mi.

Ẹ ó rántí pé nígbà tí Living in Bondage jáde lọ́dún 1992, tí tẹrú-tọmọ wá rí i pé owó ń bẹ nínú fíìmù inú kásẹ́ẹ̀tì, Ìdúmọ̀tà àti Àlàbá ni àwọn oníṣòwò ń wọ́ lọ. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwọ̀n tí a fi ń wọn fíìmù. Gígùn ni ìwọ̀n náà. Fíìmù tí kò bá ní Part 1 àti Part 2, oníbàárà á ní kí ni kí òun fi ṣe. Á gbé páálí rẹ̀ lọ́wọ́, á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn. "Ọ̀gá, wákàtí mélòó ni?" Bí mo bá ní wákàtí kan ààbọ̀, á yínmú. Bí mo bá ní wákàtí mẹ́ta, á tọwọ́ bọ àpò. Àfi bí ẹni ń ra aṣọ ní ọ̀pá. Èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo ta fíìmù tí mi ò wò, mo ta òmíràn tí mi ò bèèrè ibi tó ti wá. Kó ṣáà ti gùn ni tèmi.

ỌMỌ ONÍKÁSẸ́Ẹ̀TÌ FẸ́ ṢE FÍÌMÙ

Lọ́dún 2018, àkọ́bí mi ọkùnrin parí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó wọlé wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa ṣe fíìmù. Inú mi dùn bí ẹni pé kí n fò. Mo ní, "Ọmọ ẹkùn kúkú ni ẹ́, ẹkùn lo máa jọ. Wákàtí mélòó ni èyí tí o fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀?"

Ó ní, "Ìṣẹ́jú méje ni, Bàbá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo pe ìyá rẹ̀ pé kó wá gbọ́ nǹkan. Mo ní, "Ìṣẹ́jú méje! Ìpolówó ọṣẹ ni àbí kí ni? Omi ẹ̀bà tí ìyá ẹ gbé kaná kò ní í tíì hó tí fíìmù tìẹ á ti parí."

Ọmọ náà kò bínú. Ó ní kí n yá òun lówó máìkì tí òun máa fi gba ohùn sílẹ̀. Mo ní mi ò lówó ìranù lọ́wọ́. Ó lọ yá máìkì lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín ọdún méjì, ó ṣe márùn-ún. Èyí àkọ́kọ́, ọlọ́kadà kan tó ń dúró de èrò nínú òjò ní Okokomaiko. Èkejì, ọmọbìnrin kan tó ń ru omi gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta ní Ìbá. Ẹ̀kẹta, àgbàlagbà kan tó ń tún rédíò ṣe ní ìtòsí ọjà wa, tó máa ń fi etí sọ ohun tó ṣe rédíò kó tó tú u. Ẹ̀kẹrin, ọkọ̀ dánfó láti Mile 2 dé Volks, ohùn kọ̀ńdọ́ kan ṣoṣo la sì gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí karùn-ún ni mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù fún mi ná. Ìjà ni a kọ́kọ́ jà.

TA LÓ ṢE ÀJÀNÍ ÒGÚN?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ń fi ìgbà tiwa fọ́nnu fún un. Mo ní, "Nígbà tiwa, fíìmù jẹ́ fíìmù. Lọ́dún 1976 tí Àjàní Ògún jáde, ọmọ ọdún 16 ni mí. Èrò pọ̀ débi pé bàtà mi ẹsẹ̀ kan sọnù, mi ò sì wẹ̀yìn wò. Adé Love ń bẹ níbẹ̀, Dúró Ládípọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ìyẹn là ń pè ní fíìmù. Kì í ṣe ìṣẹ́jú méje."

Ó ní, "Bàbá, ta ló darí ẹ̀?"

Mo ní, "Adé Love kẹ̀! Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ọlá Balógun ni."

Ó wá fi sùúrù là mí lọ́yẹ̀. Àbá ni wọ́n ti bí Ọlá Balógun lọ́dún 1945. Ó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní ilé ẹ̀kọ́ IDHEC ní Paris. Òun ló darí Àjàní Ògún lọ́dún 1976. Òun náà ló darí Ìjà Òmìnira lọ́dún 1979, èyí tí wọ́n mú láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Òun ló bá Ògúńdé ṣe Aiyé. Lọ́dún 1982, òun ló bá Mọ́sẹ̀ Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ṣe Ọ̀run Móoru, fíìmù tí àwọn olè dà kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, tí owó Bàbá Sàlá sì fi wọmi. Nígbà tó dárúkọ èyí, mo wo ilẹ̀. Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun.

Gbogbo fíìmù tí mo fi ń fọ́nnu fún ọmọ mi, ọwọ́ ẹni kan ṣoṣo ló ti jáde, èmi tí mo fi ogún ọdún ta fíìmù kò sì mọ orúkọ onítọ̀hún. Orúkọ àwọn tó hàn lójú páálí ni mo mọ̀.

Ọmọ mi kò dúró níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ rò pé Ọlá Balógun kọ́kọ́ ṣe, kó tó kan Àjàní Ògún?" Mi ò lè fèsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n fún mi bí ẹni ń ka oríkì. One Nigeria, ọdún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Thundergod, ọdún 1971, lórí Ṣàngó. Nupe Masquerade, ọdún 1972, lórí eégún àwọn Tápà. Owuama, ọdún 1973, lórí ayẹyẹ ọdún tuntun. Fíìmù kúkúrú ni gbogbo wọn. Kò sí Part 1, kò sí Part 2.

Nígbà náà, fíìmù kì í ṣe ohun tí à ń fi fóònù yà lọ́fẹ̀ẹ́. Fíìmù 16mm, bí o bá ra rólù ẹsẹ̀ bàtà 400, ìṣẹ́jú 11 péré ni yóò fi yí tán nínú kámẹ́rà. Ó tán nìyẹn, òmíràn lo máa rà. Bí o bá sì yà á tán, òkè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ fọ̀ kí o tó lè rí ohun tí o yà. Ẹni tó bá ń náwó báyìí kò ní í máa ya ìranù. Á ti wo nǹkan náà dáadáa kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ kámẹ́rà.

Mo ní, "Ó yé mi wàyí. Iṣẹ́ ló fi ń kọ́. Bí ọmọṣẹ́ télọ̀ ni, tí wọn kì í gbé agbádá fún lọ́jọ́ kìíní. Ṣòkòtò ọmọdé ni yóò fi kọ́wọ́."

Ó mirí. Ó ní, "Kì í ṣe ìkọ́ṣẹ́ nìkan, Bàbá. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fà á gùn, ẹ ti bà á jẹ́." Ó wá sọ ìtàn Borom Sarret fún mi, èyí tí Ousmane Sembène ṣe ní Dakar lọ́dún 1963. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni. Ọkùnrin tálákà kan ń fi ẹṣin fa ọmọlanke, ó ń kó èrò, àwọn kan sanwó, àwọn kan ò san. Ó gbé èrò wọ àdúgbò àwọn olówó tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé, ọlọ́pàá gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà délé lọ́wọ́ òfo. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó ní àwọn á jẹun lálẹ́ yìí, ó sì jáde. Ó parí. Ibi tí obìnrin náà lọ, ẹnìkan kò sọ fún wa.

Mo bi í pé ibo ni obìnrin náà lọ. Ó ní, "Ẹ ò rí i, Bàbá? Ẹ ò tíì wò ó, ẹ ti ń rò ó."

Ó tún ní kí n rántí pé kúkúrú ni fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí àwọn ará ilé Lumière fi han èrò ní Paris ní oṣù Kejìlá ọdún 1895, ìkọ̀ọ̀kan wọn kò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí sinimá sì kọ́kọ́ dé Èkó, ní gbọ̀ngàn Glover, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903, kúkúrú náà ni wọ́n gbé wá. Kò sẹ́ni tó bèèrè wákàtí mélòó.

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, mo bá fi agídí kún un. Mo ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n Àlàbá ò lè ta tìẹ."

Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá." Ó dìde, ó lọ sùn.

ẸJA ÌYÁ ÀGBÀ

Ìyá mi ń gbé ní Ọ̀tọ̀. Ẹja ló ń yan, iṣẹ́ tó jogún lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ ni. Èèpo àgbọn ló fi ń dáná ẹ̀, ó ní èéfín rẹ̀ dára ju ti igi lọ. Láti Okokomaiko sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n ọ̀nà Àgbádárìgì tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 2009 ni mo fi ń ṣe àwáwí. Bí wọ́n bá ní ṣé mo ti dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, mo máa ní, "Ṣé ẹ ò rí bí ọ̀nà ṣe rí ni?" Ọmọ mi tó ń lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ọ̀nà yẹn náà ló ń gbà.

Nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ó lọ ya ìyá àgbà rẹ̀ nídìí ààrò. Ó ṣiṣẹ́ lé e lórí fún oṣù kan, lẹ́yìn náà ó gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi nínú pálọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ti Ìyá Àgbà. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni." Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò. Mo ní, "Tó bá ti di wákàtí méjì, kí o pè mí."

Ó dúró díẹ̀. Ó pa láptọ́ọ̀pù dé, ó lọ.

Kòrónà dé lọ́dún 2020, wọ́n sé ìlú mọ́ wa lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ìyá mi sùn, kò jí mọ́. A sin ín bó ti yẹ ká sin àgbà. Lẹ́yìn ìsìnkú, a ń wá fọ́tò rẹ̀ tí a lè fi kọ́ sí pálọ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi la rí, èyí tí ìyá mi fi dijú bí ẹni tí eyín ń dùn, àti fọ́tò káàdì ìdìbò tí ojú rẹ̀ kò hàn dáadáa. Ẹni tó fi ọdún márùnlélọ́gọ́rin wà láyé! Àbúrò mi obìnrin bú sẹ́kún.

Ọmọ mi dìde, kò sọ nǹkan kan. Ó so láptọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo rí ìyá mi. Kì í ṣe ìyá mi tó wọ aṣọ ẹbí. Ìyá mi gan-an, tó so ìborùn mọ́ ìbàdí, tí èéfín ń fẹ́ sí lójú, tó fi ọwọ́ lásán yí ẹja lórí iná bí ẹni pé iná kò lè jó o. Ó ń kà á bọ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ogún. Bó bá ti pé ogún, á ju ẹ̀kùrọ́ kan sínú igbá kó má baà gbàgbé, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Kò sí ìlù, kò sí orin. Iná ń ta páráparà, omi ọ̀sà ń dún lẹ́yìn ilé. Mo ti gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe ń ka ẹja. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ti kọ́ oókà kí n tó dé ilé ìwé.

Ó wá gbójú sókè wo ọmọ tó ń yà á, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ohùn ọmọ mi dáhùn láti ẹ̀yìn kámẹ́rà pé, "Ẹ má dá mi lóhùn, Ìyá Àgbà, ẹ máa ṣiṣẹ́ yín." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú.

Lẹ́yìn náà ni ìyá mi fa agbọ̀n kan jáde láti abẹ́ àga. Ó ṣí aṣọ orí rẹ̀. Ẹja àrọ̀ ńláńlá mẹ́fà, ó ká wọn bí òrùka. Ó ní, "Ti bàbá ẹ rèé. Sọ fún un pé ó ti gbẹ dáadáa o. Bí kò bá ráyè, kó rán èèyàn." Ó fi ọwọ́ pa aṣọ náà dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń da aṣọ bo ọmọ tó sùn, ó tún gbọ́wọ́ lé e fún ìgbà díẹ̀. Ó padà sídìí iná. Èéfín bo ojú kámẹ́rà. Ó parí.

Nígbà tí mo rí ohùn, mo kọjú sí ọmọ mi. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò jẹ́ iṣẹ́ yìí fún mi?"

Ó ní, "Mo jẹ́ ẹ, Bàbá. Ẹ ní ẹ ti gbọ́."

Òótọ́ ni. Mo rántí. Ó sọ fún mi pé Ìyá Àgbà ní kí n wá gbé ẹja, mo sì ní mo ti gbọ́. Ẹja ni mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ. Ohun tí mo rí nínú fíìmù ni pé ìyá mi ń retí mi. Ọwọ́ tó gbé lé aṣọ yẹn, kò sẹ́ni tó lè fi ẹnu jẹ́ ẹ níṣẹ́.

Mo bi àbúrò mi pé ta ló padà jẹ ẹja náà. Ó ní ìyá wa pa á mọ́ títí di ìgbà ìsémọ́lé. Nígbà tó rí i pé kòkòrò fẹ́ wọ̀ ọ́, ó tà á.

GÍGÙN KỌ́ NI ÌWỌ̀N

Ohun tí mo fi orí mi kọ́ nìyí. Bó bá jẹ́ pé fíìmù wákàtí mẹ́ta lọmọ mi ṣe, tí bàbáláwo wà níbẹ̀, tí ìyàwó méjì ń jà níbẹ̀, ọwọ́ ìyá mi lórí agbọ̀n ì bá ti rì sínú ariwo. Fíìmù kúkúrú kò láyè àríyá. Ohun kan ló wá sọ, á sọ ọ́, á dìde. Ìyá mi pàápàá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo fi ń ta síídì ti di ibi tí wọ́n ti ń ta bátìrì sólà báyìí. Ìwọ̀n tí a fi ń wọn fíìmù ti bá ọjà náà lọ. Ẹ wo Akinola Davies Jr. Fíìmù rẹ̀ Lizard, ti ọdún 2020, ìṣẹ́jú 18 ni. Ọmọbìnrin kékeré kan ni wọ́n lé jáde ní kíláàsì ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan l'Ékòó, tó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àgbà ń ṣe. Lọ́dún 2021, ó gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ fún fíìmù kúkúrú ní Sundance, ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2025, fíìmù gígùn rẹ̀, My Father's Shadow, di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ inú àwọn tí Cannes yàn. Bàbá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ni ìtàn náà, l'Ékòó, lọ́dún 1993 tí wọ́n fagi lé ìbò. Ìṣẹ́jú 18 ló gbé e dé ibẹ̀, bí ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí Ṣàngó ti ṣíwájú Àjàní Ògún.

Mo ti wá Thundergod kiri lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tí a jọ ta fíìmù. Kò sẹ́ni tó tà á rí nínú wa. Ohun tí ọjà kò bá rà, ọjà kì í tọ́jú ẹ̀. Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe lọ́dún 1976, wọ́n ti rò pé ó ti sọnù pátápátá kí wọ́n tó rí i nínú ilé ìpamọ́ ìjọba ní Jos, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé e han aráyé ní Berlin lọ́dún 2018. Fíìmù gígùn, olókìkí, nìyẹn. Ta ni yóò wá àwọn kéékèèké lọ?

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá ẹgbẹ́ mi ní Ọ̀jọ́, ní Ìbá, ní Ọ̀tọ̀ àti níbi gbogbo, bí ọmọ yín bá ní kí ẹ wá wo nǹkan ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ẹ pa bọ́ọ̀lù, kí ẹ wò ó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tọ́jú iṣẹ́ yín sórí fóònù kan ṣoṣo. Fóònù ń bọ́ sómi, olè ń jí i. Ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ ìyá yín, ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́.

Ní ti èmi, mo ti ra máìkì náà, ó pẹ́ ni, kò jọ kò sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi so ó mọ́ mi láyà, ó ní kí n sọ̀rọ̀ nípa Àlàbá àti ayé kásẹ́ẹ̀tì. Mo sọ̀rọ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn ìgbà tó gé e tán, ó ní ìṣẹ́jú 11 ni.

Mo ní, "Gbogbo ẹnu tí mo fọ̀ yẹn? Kí ló dé tí kò gùn jù báyìí lọ?"

Ọmọ náà kàn ń wò mí ni, ó ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì,
Okokomaiko.